Fọlákẹ́, Má Tíì Tẹ Ìwé Ìpolongo Ìbò Yẹn

Padova,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Fọlákẹ́, Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ìdí fèrèsé ilé ìdáná signora ni mo jókòó sí tí mo ti ń kí ọ. Màmá arúgbó tí mò ń tọ́jú yìí ti jẹun ọ̀sán, ó ti sùn, mo sì ní bíi wákàtí méjì sí ara mi kí ó tó jí kó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí bí ẹni tí ilé ń jó. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ẹ̀yìn ń dùn mí, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló rẹ̀ mí jù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí ló rẹ̀ mí, nítorí pé láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọdún méjìlá ni mo ti ń gbé e kiri.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Nígbà tí mo ní kí o má tíì tẹ ìwé ìpolongo ìbò rẹ títí ìwé tèmi yóò fi dé ọwọ́ rẹ, o bi mí pé kí ló dé, “Mamma, ma perché?” Mo ní kí o ṣáà dúró. O ní àwọn atẹ̀wé ń dúró, àwọn ará ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ ń dúró. Kí wọ́n dúró. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Lọ́yà ni ọ́, kí èèyàn tó sọ gbólóhùn kan tán, o ti bi í ní ìbéèrè mẹ́fà. Nínú ìwé, o ò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ ná, kí o má baà rò pé ojú burúkú ni mo fi ń wo oríire rẹ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́ nígbà tí o wá bá mi ní Italy, pẹ̀lú bàtà tó tóbi jù ọ́ lọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ọ́ nígbà tí o kọjá sí Wales. O fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ, o kàwé, o di lọ́yà. Ọ́fíìsì rẹ wà lókè ilé búrẹ́dì, àwọn tí onílé ń lé jáde àti àwọn tí ọ̀gá ò san owó oṣù fún ni wọ́n ń gun àkàbà wá bá ọ. Ní báyìí wọ́n ní kí o wá díje fún ipò káńsílọ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni èèyàn ti ń bọ́ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Wales. Wọ́n ní o ti gbọ́ èdè Welsh wọn dé ibi pé òun lo fi ń ṣe ìpàdé. Ẹ wò ó! Yorùbá tí mo fi tọ́ ọ, Italian lo fi ń dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n èdè tí kò sí ẹni tó gbọ́ ọ nínú bàbá àti ìyá tó bí ọ, o ti ń fi í dá àpárá. Ó dáa náà. Èmi ló kọ́ ọ bí a ti ń ka Yorùbá, rọra ka eléyìí títí dé òpin.

Mo ka ìwé ìpolongo tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kà á. Àwòrán mi wà níbẹ̀, nínú aṣọ iṣẹ́ ìgbà tí a ń gbé ní Piacenza, mo sì rẹ́rìn-ín bí ẹni rere. O kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìyá rẹ pàdánù iṣẹ́ nítorí pé ó gbẹnu sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, àti pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń dúró ti ọmọnìkejì.

Fọlákẹ́, irọ́ ni. Ìwọ kọ́ lo pa á. Èmi ni.

Sinmi. Mu omi. Má tíì gbé fóònù.

O rántí pé magazzino ńlá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, níbi tí a ti ń di ẹrù sínú páálí láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Obìnrin Yorùbá mẹ́sàn-án la wà níbẹ̀. Àwọn tó ni ẹrù kọ́ ló gbà wá síṣẹ́, cooperativa kan, ẹgbẹ́ agbáṣẹ́ṣe, ló kó wá jọ fún wọn. Nítorí pé mo ti ṣe tíṣà ní Ìkirun kí n tó wá, tí Italian mi sì já gaara ju ti àwọn yòókù lọ, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ń kó ìwé wá. Ìwé questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń fún àlejò níwèé, ìwé ilé ìwòsàn, ìwé iná mànàmáná. Wọn kì í pe orúkọ mi mọ́, Tíṣà ni wọ́n ń pè mí. Àní Ìyá Rẹ̀mí, tó fi ọdún mẹ́rìndínlógún jù mí lọ, “Tíṣà wa” ló ń pè mí.

Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́ mọ́. Ní Ìkirun, tíṣà kékeré ni mí, tí hẹdimásítà ń jágbe mọ́. Ní Piacenza, bí mo bá gbé awò bojú, gbogbo obìnrin á dákẹ́. Nígbà míì ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ̀ á wà nínú ìwé, màá fò ó, màá sọ èyí tó bá ṣáà bá a mu. Ojú ń tì mí láti sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n.

Èkíní nìyẹn nínú ohun tí mo fẹ́ kí o mú wọ inú òṣèlú. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ohun tí o ò mọ̀ níwájú èrò, sọ pé, “Mi ò mọ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ wádìí.” Ní ọ́fíìsì lọ́yà, ìyẹn ò ṣòro, ìwé òfin wà lórí pẹpẹ. Lórí pèpéle ìbò, á dà bíi pé o ń bọ́ra síhòòhò. Ṣáà sọ ọ́. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan kì í pa èèyàn. Èmi tí mi ò lè sọ ọ́, ẹ wo ibi tó bá mi dé.

Ó wá di ọjọ́ kan, ọ̀gá wa, tí a ń pè ní capo, pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Òun nìkan, èmi nìkan. Ó gbé àga fún mi, ó bu kọfí fún mi. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mi ò jókòó nínú yàrá yẹn rí. Ó ní cooperativa mìíràn ló ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ náà, àti pé gbogbo wa gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kan kí a tó lè bá wọn lọ. Ó ní, “Ìwọ ni wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Bá mi sọ fún wọn kí wọ́n fọwọ́ sí i, ìwọ ní tìrẹ, màá fún ọ ní contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́ tí kò lópin.”

Mo mú ìwé náà wálé, mo kà á. Ọ̀rọ̀ méjì ni mi ò mọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyókù, ìyókù sì tó. Ó wà níbẹ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ sí i ti yááfì gbogbo ẹ̀tọ́ ọdún tó ti fi ṣiṣẹ́ sẹ́yìn, àti pé iṣẹ́ tuntun yẹn, oṣù mẹ́rin péré ni.

Má jẹ́ kí n fi ọ́ ṣe àwáwí. Mo lè sọ pé permesso mi, ìwé ìgbélùú, fẹ́ parí, pé láìsí contratto wọn ò ní tún un ṣe fún mi, pé nítorí ọmọ mi ni. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n permesso àwọn yẹn náà ń parí, àwọn náà bímọ.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán, mo pín ìwé náà fún wọn. Ìyá Rẹ̀mí nìkan ló béèrè ọ̀rọ̀. Ó ní, “Tíṣà wa, ṣé ẹ ti kà á?” Ó ń fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀, èmi àbúrò rẹ̀ pátápátá, nítorí ìwé tí mo mọ̀.

Mo ní, “Mo ti kà á, mà. Kò sí ewu níbẹ̀. Ẹ fọwọ́ sí i.”

Ó mú bíírò. Ó ní kí n fi ibi tí òun máa kọ orúkọ òun sí han òun. Ìka mi yìí ni mo fi tọ́ka sí i.

Oṣù mẹ́rin pé, wọ́n ní kí àwọn obìnrin mẹ́jọ máa lọ. Àwọn kan rí iṣẹ́ níbòmíràn. Ìyá Rẹ̀mí ò rí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Rẹ̀mí, wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ó ku díẹ̀ kó pé ọdún méjìdínlógún. Ìyá rẹ̀ ti ń to ìwé tó máa fi mú un wá sí Italy, gẹ́gẹ́ bí mo ti fi mú ìwọ wá. Láìsí contratto, questura dá ìwé náà dúró. Nígbà tí ó fi máa rí iṣẹ́ mìíràn, Rẹ̀mí ti pé ọdún méjìdínlógún, òfin sì ní ó ti di àgbà, kò lè fi ìwé ìyá rẹ̀ wọlé mọ́. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ó wá sílé wa kó tó kúrò ní Piacenza. Bóyá o rántí obìnrin dúdú gíga kan tó gbé ọsàn wá fún ọ. Ìwọ kúnlẹ̀ kí i, bí mo ti kọ́ ọ. Èmi dìde dúró, mo na ọwọ́ sí i bí Òyìnbó. Mo mọ̀ nínú ara mi pé bí mo bá fi orúnkún kan ilẹ̀ níwájú obìnrin yẹn, mi ò ní lè dìde láìjẹ́wọ́. Ó wo ọwọ́ mi títí. Ó gbà á. Ó ní, “Ó dàbọ̀ o, Tíṣà.” Kò sọ “wa” mọ́.

Èmi náà ńkọ́, àti contratto mi tí kò lópin? Oṣù méje péré ni mo fi jẹ ẹ́. Iṣẹ́ tún bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, capo tuntun dé, ẹnikẹ́ni ò pè mí wá mu kọfí. Wọ́n ní kí n gba ilé lọ. Nítorí náà, Àjọkẹ́, níbi tí o ń lọ yìí, bí wọ́n bá ti pè ọ́ sí kọ̀rọ̀ tí wọ́n ń yìn ọ́, bi ara rẹ léèrè ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n yìn ọ́ ní gbangba. Bí wọ́n bá ní kí o bá àwọn sọ fún àwọn èèyàn rẹ, ní kí wọ́n wá sọ ọ́ fúnra wọn. Iṣẹ́ alágbàsọ kọ́ ni wọ́n ń dìbò yan èèyàn sí.

Ọjọ́ tí wọ́n lé mi, o ti ilé ìwé dé, o bá mi lórí ibùsùn ní ọ̀sán gangan. O ní, “Mamma, kí ló dé tí wọ́n fi lé ẹ?” Ọmọ ọdún méjìlá, ẹyinjú roboto. Mo lanu, ohun tó jáde ni pé, “Torí mo gbẹnu sọ fún àwọn èèyàn ni.”

Bó ṣe bọ́ nìyẹn. Mo rò pé wàá gbàgbé kó tó di ọ̀la. Ìwọ kẹ̀! Wọ́n ní kí ẹ kọ àròkọ nípa ẹni tí ẹ bọ̀wọ̀ fún, o kọ temi. Olùkọ́ rẹ kà á sókè fún kíláàsì. Nígbà tí mo wá sí ìpàdé òbí, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kún fún omijé. Mo gbà á. Mo tún dúpẹ́, mo ní, “Grazie.” Láti ọjọ́ náà, báwo ni mo ṣe fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ? Nígbà tí o pé ọdún mẹ́rìndínlógún, o ní nítorí mi lo ṣe fẹ́ di lọ́yà. Mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo sunkún, o rò pé ayọ̀ ni.

Àwọn àgbà ní àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Mo pa tèmi mọ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣùgbọ́n ìwé ìpolongo yẹn, wọ́n máa fi sábẹ́ ilẹ̀kùn gbogbo ilé ní ìlú tí mi ò dé rí. Ojú mi ò le tó bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ fi ohun kan bú ọ níhìn-ín, kí ọ̀rọ̀ náà má baà já sí èmi nìkan lórí. Ìwọ lọ́yà, ṣé o jẹ́ gba ẹjọ́ lẹ́nu ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo? O ò jẹ́ gbà á. Wàá béèrè pé, “Ta ló wà níbẹ̀? Níbo ni àwọn yòókù wà?” Kí ló dé tí o ò fi béèrè nípa temi rí? Nítorí pé ìyá rẹ ni mí. Níbẹ̀ gan-an ni òṣèlú yóò ti mú ọ. Àwọn ọ̀tá rẹ, wàá ti fura sí wọn. Àwọn tí o fẹ́ràn tó wá ń rojọ́ fún ọ nínú ẹgbẹ́, tí ojú wọn ń ṣomi, àwọn ni kí o bi léèrè ọ̀rọ̀. Ìyá tó jìyà wúlò púpọ̀ nígbà ìbò, mo mọ̀. Bi ìyá náà léèrè.

Ìkẹta tàbí ìkẹrin, mi ò kà á mọ́: ẹni tó bá gbé ìwé wá bá ọ lọ́fíìsì, tó sì sanwó fún ọ, bí kò bá fẹ́ ọ mọ́, á wá lọ́yà mìíràn. Ẹni tó dìbò fún ọ kò rí ìyẹn ṣe. Ibi tí ìka rẹ bá tọ́ka sí ló máa fọwọ́ sí. Jẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́ díẹ̀ lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí ẹ̀rù ò bá bà ọ́ mọ́, padà sókè ilé búrẹ́dì rẹ.

Lẹ́yìn tí mo ka ìwé rẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí Ìyá Rẹ̀mí lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ́ kù ní Piacenza. Wọ́n ní ó wà ní Alessandria, ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ àbúrò rẹ̀. Àná tí í ṣe Sátidé, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ signora, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Milano, mo wọ òmíràn láti ibẹ̀. Mo bá a lórí àga, láàárín àpò gàrí àti irun àfikún. Ó ti darúgbó. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, lójú oníbàárà.

Ó ní, “Tíṣà, dìde, o ń dí ọ̀nà.”

Mo ní, “Mi ò dìde, mà, àfi tí ẹ bá foríjì mí.”

Ó ní, “Kí lo ṣe?” Ó sì jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀, látorí kọfí títí dórí ìka, obìnrin kan sì dúró tì wá pẹ̀lú iṣu lọ́wọ́, kò lè lọ, kò lè sanwó. Nígbà tí mo sọ tán, Ìyá Rẹ̀mí ní, “Mo mọ̀. Ọjọ́ tí o na ọwọ́ sí mi ni mo ti mọ̀. Ọmọ Yorùbá tí a kọ́ nílé, tó wá na ọwọ́ sí àgbà lójijì, nǹkan ló ń bò mọ́lẹ̀.”

Mo bi í pé Rẹ̀mí ńkọ́. Ó ní, “Ó wà. Ó ti bímọ mẹ́ta. Orí fóònù ni mo ti mọ ojú wọn.” Kò pariwo. Bó bá kúkú pariwo, ì bá sàn fún mi.

Ó wá béèrè ọmọ tó kúnlẹ̀ kí òun. Mo sọ fún un pé o ti di lọ́yà, pé o fẹ́ di olóṣèlú, mo sì sọ ohun tí o kọ sábẹ́ àwòrán mi. Áà! Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Nígbà tó mí kanlẹ̀ tán, ó bi mí pé, “Ṣé ọmọ náà mọ̀?”

Mo ní, “Rárá, mà.”

Ó ní, “Nígbà náà, o ò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Dìde, máa lọ. Ìgbà tí ọmọ rẹ bá gbọ́ ọ, kó pè mí. Màá gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí n tó mọ èyí tí màá ṣe.”

Ìdí tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí nìyẹn. Mi ò ní fi ìgboyà bora. Bí kì í bá ṣe pé ó lé mi padà, bóyá mi ò ní kọ ọ́.

Mi ò ní kí o má díje. O mọ iṣẹ́, ọwọ́ rẹ mọ́, àwọn tó ń gun àkàbà yẹn ò gun ún lásán. Ohun tí o ti ṣe fún wọn, ìwọ lo ṣe é, irọ́ mi kọ́ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n yọ àwòrán mi. Tàbí kí o fi í sílẹ̀, kí o kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ mi, mi ò ní bínú. Ẹni tó bá ní òun ò lè dìbò fún ọmọ ẹni tó ta ẹgbẹ́ rẹ̀, jẹ́ kó lọ. Bí inú bá bí ọ sí mi fún ọdún kan, bínú. Bó bá jẹ́ méjì, màá ṣì wà níbí, Ọlọ́run ni yóò fún mi ní ẹ̀mí.

Signora ti jí, ó ti ń pè mí.

Nọ́ńbà Ìyá Rẹ̀mí wà lẹ́yìn ìwé yìí. Pè é kí o tó pè mí. Jẹ́ kó sọ ti inú rẹ̀ tán, má já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Bó bá ní òun ò foríjì mí, ní, “Mo gbọ́, mà.” Má bẹ̀ ẹ́, má ṣàlàyé, má sọ pé mo níṣòro nígbà náà.

Ẹni gbogbo ni kí o lọ ṣe lọ́yà fún, Àjọkẹ́. Má ṣe lọ́yà fún mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.